Okùn Tó Ti Inú Òkun Wá

Ilé Edelmira wà lórí òkè di òní olónìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ wo ilé onípákó ńlá náà, kó wo bí ilẹ̀ ṣe ga láti etí òkun dé ibẹ̀, kó sì wá sọ fún mi bí èèyàn mẹ́jọ àti akọ màlúù mẹ́rin ṣe lè fà á gòkè. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́jọ náà ṣì wà láàyè. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sẹ́.

Uberlinda, ìyá Edelmira, ló ni ilé. Ó ti di ọdún kejì tí ẹsẹ̀ màmá náà kò gbé e mọ́. Orí ibùsùn ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun. Òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kó dé ìdí òpó ilé. Gbogbo ará etíkun mọ̀ pé omi ìparí oṣù yóò gbé e lọ. Edelmira bẹ ìyá rẹ̀ títí pé kí àwọn kó lọ sí ìlú. Màmá kọ̀.

“Ilé yìí nìkan ló kù nínú Quilmahue,” ló máa ń wí. “Bó bá lọ, èmi náà ń bá a lọ.”

Erékùṣù ni Quilmahue. Àwọn èèyàn Uberlinda ló ni ín látayébáyé. Wọ́n ní èdè tiwọn àti òfin tiwọn, wọ́n sì fi òkúta dúdú mọ odi yí ìlú ká. Ó wà ní ọ̀kánkán etíkun náà gan-an, títí di ọjọ́ tí ilẹ̀ mì, tí òkun bò ó mọ́lẹ̀ tilé-tènìyàn. Ọjọ́ kan ṣáájú ni bàbá Uberlinda ti ṣe ọ̀wẹ̀. Wọ́n so ilé rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fà á gba orí òkun wá sí etíkun yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Uberlinda nígbà náà. Àwọn tó bá wọn fa ilé jẹun yó, wọ́n sì padà sílé wọn nírọ̀lẹ́. Kò tún rí ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

Àwọn ará Quilmahue kò pọ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wọn fi ṣẹ̀dá ẹnì kan tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́. Igi, awọ ẹran òkun àti okùn ni wọ́n fi ṣe é. Ilé kọ̀ọ̀kan sì mú irun orí wá. Wọ́n ṣe ọwọ́ fún un. Wọn kò ṣe ẹnu fún un, kó má baà kọ iṣẹ́, kó má sì bá wọn jẹ nínú oúnjẹ ọ̀wẹ̀. Ọmọ Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Uberlinda ní òun rí i lẹ́ẹ̀kan, láti ẹ̀yìn. Kò jẹ́ sọ bó ṣe rí.

Ní etíkun yìí náà, ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni kọ̀ọ̀kan, kó pè é lórúkọ. Ẹni tó bá jẹ́ ọ, wàá bọ́ ọ lọ́jọ́ náà, wàá sì san àáró rẹ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀. Edelmira fẹ́ kí wọ́n fa ilé náà gòkè, ó sì kan ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún. Mẹ́wàá ló wà ní títì. Àwọn tó ni wọ́n ti wáṣẹ́ lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó dúró létí omi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kọjú sí òkun.

“Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lọ́wọ́,” ló wí, “kó wá bá mi fa ilé ìyá mi.”

Ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ sílé.

Nolberto, aládùúgbò wọn, ló kó akọ màlúù wá lọ́jọ́ kejì. Ó wo àwọn tó dé, ó mi orí.

“Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Edelmira, ṣé o sọ fún wọn pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ìkòkò?”

“Mo sọ fún wọn, bọ̀dá Nolberto.”

“Àwa méje yìí náà ló gbọ́?”

“Ẹ̀yin méje yìí náà ló kù.”

Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Wọ́n ti ìtì igi méjì sábẹ́ ilé. Màmá ní òun ò jáde, inú ilé ló wà tí wọ́n ń fà á. Wọ́n so okùn kan mọ́ àwọn màlúù, àwọn èèyàn di èkejì mú. Edelmira ló wà níwájú pátápátá. Ìdí okùn tó ṣẹ́kù wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ilé náà kúrò lórí òpó, ó rìn díẹ̀, ó rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fà á títí, kò mira. Ìkùukù ń bọ̀ láti orí omi, ó bò wọ́n. Omi ń kún. Edelmira ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lá pákó ilé.

Ìgbà náà ni ìdí okùn tó wà nílẹ̀ gbéra. Ó nà tantan, ó wọnú ìkùukù lọ.

Edelmira rò pé ẹni tó pẹ́ dé ni.

“Ẹ ṣeun o,” ló wí.

Kò sí ìdáhùn. Kò gbọ́ èémí. Omi nìkan ló ń kán sórí koríko níwájú rẹ̀, tó, tó, tó.

Ilé náà sì ń lọ. Àwọn màlúù ti dúró, wọ́n ń gbọ̀n. Ilé kò dúró.

“Ta ló ń fà á?” Nolberto béèrè.

Wọn kò fi okùn sílẹ̀ títí wọ́n fi dé orí òkè. Nígbà tí ìkùukù ṣí, wọn kò rí ẹnì kan. Ìdí okùn tutù rinrin, ó ń rùn bí ewéko òkun.

Wọ́n bu oúnjẹ. Màmá ní kí wọ́n bu àwo kan sí i.

“Màámi, gbogbo wa ti ní tiwa.”

“Mo ní ẹ bù ú.”

Wọ́n bù ú. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ẹran àti ọ̀dùnkún wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe bù ú, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti kún àwo náà dé etí.

“Kò lẹ́nu,” màmá wí. “Ẹ ò lè fi oúnjẹ san án. Àáró nìkan ló kù.”

“Kí ló fẹ́ ká bá òun fà?” Nolberto béèrè.

Màmá wo òkun láti fèrèsé. “Kí ló tún ní?”

Nolberto mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, okùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti inú òkun wá, ó gba orí iyanrìn, ó gun òkè. Edelmira fi àáké gé e. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé e dání.

“Fi sílẹ̀,” màmá wí láti orí ibùsùn.

“Èmi ni mo pè é, Màámi. Èmi ni mo jẹ àáró.”

“Ilé ta ni wọ́n fà?”

Edelmira gbé okùn náà kalẹ̀.

“Lọ wa ọ̀dùnkún wá fún mi,” màmá wí. “Ebi ń pa mí.”

Inú Edelmira dùn, nítorí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí màmá kò béèrè oúnjẹ. Ó sáré lọ sí oko ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣa àwọn tó tóbi. Nígbà tó wọlé, ibùsùn ti ṣófo. Aṣọ ìbora wà ní kíká dáadáa. Okùn kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ipasẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi. Kò wọ́ ẹsẹ̀. Ó jìnnà síra, bíi ti ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń sáré. Edelmira dúró nínú omi dé orókun, ó ń pe ìyá rẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn ń kọ orin ọ̀wẹ̀ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́. Ó mọ ohùn kan níbẹ̀.

Nígbà tí omi fà ní ìparí oṣù kejì, òkúta dúdú kan yọ lójú òkun, ó tẹ́jú lórí bí odi. Nolberto ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kò wo ojú Edelmira nígbà tó ń sọ ọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta ló yọ.

Edelmira máa ń ro ọwọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ tí kò lè gbé kẹ́tùlù mọ́. Ó máa ń ro bí erékùṣù náà ṣe tóbi tó. Àánú màmá ń ṣe é. Ní àràárọ̀, kó tó dáná, ó máa ń kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn wo ilẹ̀.

Kì í bá okùn níbẹ̀. Ó máa ń dùn ún.