Ìdajì Òfin Ni Wọ́n Kó Wálé

Jórinjórin àdúgbò wa gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìjọba fẹ́ ṣòfin tuntun. Ó ṣí ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Ìbejì, o gbọ́? Wọ́n á máa ti afurasí apániláyà mọ́lé fún oṣù mẹ́ta láìdé kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lókè òkun. Ó dáa bẹ́ẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ ń dirun fún oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá Ìbejì, ta ló máa mọ ẹni tó jẹ́ apániláyà?"

"Ọlọ́pàá mọ̀ wọ́n!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń fi ọmọlanke ti sílíńdà gáàsì àti wáyà iṣẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ni ọlọ́pàá bá dá a dúró. Sílíńdà yìí ńkọ́? Wáyà yìí ńkọ́? Irùngbọ̀n rẹpẹtẹ yìí ńkọ́? Kó tó ṣàlàyé tán, ó ti bá ara rẹ̀ látìmọ́lé.

Ọkàn rẹ̀ dàrú. Oṣù mẹ́ta kẹ̀! Ta ni yóò bọ́ àwọn ìbejì?

Orí yọ ọ́, òfin tuntun kò tíì di òfin. Ìyàwó rẹ̀ sáré pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ lọ́yà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ dé iwájú adájọ́.

"Ẹ̀rí yín dà?"

Ọlọ́pàá wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì. "Olúwa mi, irùngbọ̀n rẹ̀ mú ìfura wá."

Adájọ́ rọra fọwọ́ pa tirẹ̀. Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé.

Lójú ọ̀nà, ó bi lọ́yà náà pé, "Àbúrò, ṣé irọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é lókè òkun?"

"Ìdajì òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Níbi tí wọ́n ń tọ́ka sí yẹn, afurasí ní lọ́yà, adájọ́ ń rí i láìpẹ́, òfin náà sì lọ́jọ́ tí yóò kásẹ̀ ńlẹ̀. Àtìmọ́lé nìkan ni àwọn tiwa kó wálé, wọ́n fi adájọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ìyá Ìbejì lanu. "Ó tán! Wọ́n ra mọ́tò, wọn ò ra bíréèkì!"

Nígbà tí ilé aṣòfin pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, tọkọtaya yìí lọ. Jórinjórin sọ ohun tójú rẹ̀ rí, àwọn mìíràn náà sọ tiwọn. Kó tó di pé wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n fi adájọ́ kún òfin náà.

Ẹ̀yin ará wa, apániláyà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ kí ìjọba dáàbò bò wá. Àmọ́ bí wọ́n bá ní "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lókèèrè", ẹ ní kí wọ́n ka òfin ọ̀hún tán fún yín. Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀? Ìgbà wo ló máa parí? Ṣé àwọn tó ṣe é ò ti kábàámọ̀? Ẹ lọ sípàdé, ẹ bá aṣòfin yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì mú èèyàn yín, ẹ má bá ọlọ́pàá jà, ẹ wá lọ́yà kíá. Òfin tí adájọ́ kò bá lè yẹ̀ wò, kò sẹ́ni tí kò lè mú.