Má Bi Ẹni Tí Idà Bà Lórí

Ẹni tó bá ti bá wa pàgọ́ rí ní pápá wa ní Pennsylvania lásìkò ooru mọ̀ pé tí oòrùn bá ti yọ, ariwo akoto irin ló máa ń gba gbogbo ibẹ̀ kan. Eré ogun àtijọ́ là ń ṣe. Pankẹ́rẹ́ tí a fi tépù wé ni idà wa, asà wà lọ́wọ́, àwọn àgbàlagbà á wá máa na ara wọn bíi pé wọn ò níṣẹ́ nílé.

Èmi Lorna Hostetler kì í jà. Garrett ọkọ mi ló ń jà, èmi ló sì ń jà fún. Ẹni tó bá borí nínú ìdíje náà ló máa jọba lórí gbogbo àgọ́, ẹni tó tìtorí rẹ̀ jà á sì di olorì. Ìborùn pupa mi ni mo so mọ́ ọn lápá, torí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá so aṣọ ẹnì kan mọ́ apá kò gbọdọ̀ wọ agbo ìjà.

Òfin mìíràn tún wà tí a fi ń yangàn. Kò sí adájọ́ tó máa sọ pé idà bà ọ́. Ìwọ tí wọ́n nà lo máa sọ ọ́ fúnra rẹ. Tó bá wọlé dáadáa, o ó ṣubú, o ó ní, "Mo ti kú." Tí kò bá wọlé, o ó ní, "Ó fúyẹ́," ìjà á sì máa lọ. Ẹni tó bá jiyàn, òun ló tẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Garrett ti ń wá adé yìí. Lọ́dún yìí, ó ku ìjà méjì péré. Nínú àkọ́kọ́, idà gba akoto rẹ̀ lẹ́yìn etí, gbàù! Garrett ṣe bí ẹni máa ṣubú, ó dúró, ó ní, "Ó fúyẹ́." Kò pẹ́ tó fi na ẹni yẹn padà, ó sì borí.

Nínú àgọ́ ó bi mí pé, "Ta ni mo bá jà?" Mo sọ fún un. Ó mu omi. "Lorna, ta ni mo bá jà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Adé ti ń pa ọ́ bí ọtí."

Ó jáde, ó lọ bì lẹ́yìn àgọ́. Nígbà tó wọlé, ó tún ní, "Ta ni mo bá jà?"

Àǹtí Corinne, nọ́ọ̀sì tí àgọ́ wọn fara ti tiwa, gbọ́ ọ. Wọ́n mú ṣíbí ọbẹ̀ dání wọlé. "Garrett, oṣù wo la wà yìí?"

"Oṣù... oṣù ìjà!"

Wendell tó ń darí ìjà ti dé ẹnu ọ̀nà láti wá pè é. Àǹtí Corinne kọjú sí i. "Kò ní jà."

"Àǹtí, ṣebí ẹ mọ òfin wa. Ẹni tí wọ́n nà ló ń sọ ọ́. Ó ní ó fúyẹ́. Ṣé kí n pe ọmọlúàbí ní òpùrọ́ ni?"

"Ta ló pè é ní òpùrọ́? Ọpọlọ tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n gan-an ló mì nínú agbárí! Òfin yín dáa fún ẹni tí wọ́n nà nítan. Akoto lè máà jẹ́ kí orí fọ́, kò lè di ọpọlọ mú kó má mì. Tí wọ́n bá tún nà án kí èyí tó san, ọpọlọ lè wú, á sì kú. Kì í ṣe ikú tí wọ́n ń dìde níbẹ̀ o, Wendell."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, jàre," ni Garrett wí. "Ara mi le. Akoto mi dà?" Akoto náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n má parọ́, mo fẹ́ adé yẹn. Aṣọ olorì tí mo rán wà lórí okùn níwájú mi. Mo wò ó, mo wo ọkọ mi, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìborùn mi lápá rẹ̀.

"Lorna! Kí lò ń ṣe?"

"Mo ń gba aṣọ mi."

"O fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo ayé? Torí tìẹ ni mo ṣe ń jà!"

"Tó bá jẹ́ torí tèmi ni, jókòó."

Ó jókòó, ó sunkún bí ọmọdé. Wendell yí padà lọ sí agbo ìjà. Aṣọ ò sí lápá, ìjà ò sí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń gbé adé lé ẹlòmíràn lórí, àwa ń lọ sí ọsibítù nínú ọkọ̀ Àǹtí Corinne. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa, pé ọpẹ́ ni pé kò padà sójú ìjà.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá o ò ní fi pankẹ́rẹ́ jà láéláé. Àmọ́ ọmọ rẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, àbúrò rẹ ń gun ọ̀kadà. Tí orí ẹnikẹ́ni bá gba nǹkan, má kàn bi í pé ṣé ara rẹ̀ le. Òun kọ́ ló máa mọ̀. Ìwọ ni kó o wò ó: ṣé orí ń fọ́ ọ, ṣé òòyì ń kọ́ ọ, ṣé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ṣé ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì? Dá eré dúró lójú ẹsẹ̀, kó má sì padà sí i lọ́jọ́ náà. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, má jẹ́ kó wa ọkọ̀, gbé e lọ fún dókítà. Tó bá ń bì, tí gìrì gbé e, tàbí tí o ò bá lè jí i dáadáa lójú oorun, sáré gbé e lọ sí ọsibítù ni o.

Ó máa bínú sí ọ. Garrett bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ń gbọ́ ọ tó ń kùn kiri ilé, mo sì ń dúpẹ́, torí pé òkú kì í bínú.