Pátákó Tí Àyè Rẹ̀ Ò Tó

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní wèrè, àmọ́ ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòró.

Pátákó ìkìlọ̀ ni mo ń kọ jẹun. Ẹ má tọ̀ síbí, ẹ má dalẹ̀ síbí, ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè mí. Olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí wọ́n dá ìyàwó mi dúró sí ló bẹ̀ mí níṣẹ́: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí, àyàfi láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́." Èmi sì fẹ́ràn kí lẹ́tà sanra. Ìgbà tí mo máa fi kọ "yàrá yìí" tán, pátákó ti kún. Mo kàn án mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

"Ọlọ́dà, àyàfi dà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Tó bá dọ̀la, màá kan kékeré mọ́ ọn lábẹ́."

"Ìwọ àti ọ̀la ẹ." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó rẹ̀ mí ni o. Pátákó kékeré ọ̀hún wà nínú àpò mi nígbà yẹn.

Aago mẹ́rin lù, mo gbé omi gbígbóná ìyàwó mi dé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹsẹ̀ mi ò kọjá. Kò dùn mí, ẹnikẹ́ni ò dì mí mú. Olórí nọ́ọ̀sì tó jáde lọ gba abẹ́rẹ́ náà padà dé. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà dúró. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́.

Àwọn aláìsàn tó lè rìn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì rí ọ̀nà wọlé padà. Ìyàwó mi ò lè rìn. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wo omi tí wọ́n fà sí i lára. Ó ń kán. Tó. Tó.

"Bó bá tán ńkọ́?"

"Òun ló gbé ẹ̀mí ẹ̀ ró, Ọlọ́dà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ mọ́."

Mo já pátákó bọ́. Àwọn lẹ́tà ṣẹ́ kù sára ògiri. Mo fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n. Wọ́n tún yọ jáde, wọ́n tiẹ̀ sanra sí i. Mo fa pátákó kékeré yọ, mo kọ "àyàfi" sí i. Ọ̀dà ṣàn dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣàn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Mo sunkún níwájú èrò, ojú ò tì mí.

Omi ku díẹ̀ kó tán. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé ìkìlọ̀ nìkan ni ibẹ̀ yẹn ń gbà. Mo kọ ọ́: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kú sínú yàrá yìí." Ọ̀dà dúró. Mo kàn án mọ́ ògiri.

Omi tán. Ìyàwó mi ò kú.

Ọdún keje rèé. Kò jẹ, kò mu, kò sùn. Ìrora ọjọ́ yẹn ṣì wà lára ẹ̀; mò ń gbọ́ bó ṣe ń kérora. Lójoojúmọ́, aago mẹ́rin, mo máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ.

"Ọkọ mi, nu ọ̀dà yẹn kúrò."

"Ṣe sùúrù, ìyàwó mi. Tó bá dọ̀la."

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dà pátákó kékeré yẹn ò tíì gbẹ. Àkísà wà lọ́wọ́ mi.