Òdòdó Màmá Onílé

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kan ewé òdòdó, ewé sì rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Jìnnìjìnnì bò ó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, òdòdó yìí ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó gun ọ̀pá tí wọ́n rì sínú ìkòkò rẹ̀ dé òkè, ìtànná rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó gbẹ bí ewé inú àdògán.

Kìlẹmátíìsì ni wọ́n ń pe òdòdó náà. Ọkọ Màmá Onílé tó ti dolóògbé ló rà á, kò sì sí àárọ̀ tí màmá náà kì í gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin yìí ló ń tọ́jú ọgbà ilé náà, torí iṣẹ́ yẹn sì ni wọ́n ṣe fún òun àti ọmọ rẹ̀ ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ìyá ń lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó kìlọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Má gbé ìkòkò yìí kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn o. Orí rẹ̀ ló fẹ́ oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ ẹ rárá. Má sì kó òkúta tí mo tò sórí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ tutù."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ etí kan ló gbà á, èkejì jù ú síta. Ní Sátidé, nígbà tí Màmá Onílé lọ kí ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Sísí Fóònù dé, ó ní kí àwọn ya fọ́tò pẹ̀lú òdòdó yẹn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ṣókùnkùn jù fún wọn. Wọ́n wọ́ ìkòkò dé àárín sìmẹ́ǹtì, wọ́n kó òkúta kúrò torí Sísí ní kò jẹ́ kí fọ́tò dùn.

Ibẹ̀ ni alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ ilé náà ti bá wọn. Bàbá arẹ́rìn-ín kan ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, òun ló sì máa ń fọ yúnífọ́ọ̀mù ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ tí ìdánwò bá dé.

"Màmá Kékeré," ó ní, orúkọ tó fi ń dá a lápàárá nìyẹn, "ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn o."

"A máa gbé e padà, Bàbá."

Wọn ò gbé e. Wọ́n lọ wo fọ́tò nílé Sísí, ọmọ wa sùn síbẹ̀, oòrùn ọjọ́ Àìkú sì se gbòǹgbò òdòdó jinná lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná.

Báyìí, ó ti wọ́ ìkòkò padà, ó ti to òkúta, ó ti da omi sí i. Pàbó ló já sí. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

"Sísí, ó ti kú. Wọ́n máa lé èmi àti Mọ́mì jáde."

"Ta ló rí wa?"

"Alágbàfọ̀ nìkan."

"Tètè sọ tiẹ̀ kó tó sọ tìẹ. Sọ pé omi ọṣẹ rẹ̀ ló pa á."

Màmá Onílé dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ kan ewé tó ti gbẹ náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ọmọbìnrin náà rí ẹrù wọn níta lójú inú, ó rí ìyá rẹ̀ tó gbé àpótí karí. Ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dà bíi pé omi ọṣẹ alágbàfọ̀ ni, Mà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá náà dé lọ́sàn-án láti wá lọ aṣọ. Màmá Onílé bi í bóyá òótọ́ ni. Bàbá náà wo òdòdó, ó wo ọmọ náà, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ má bínú, Mà," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé omi ọṣẹ mi ta sí i."

Wọ́n ní kó máa lọ, kó má padà wá mọ́. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó lọ. Ọmọ náà rò pé ọkàn òun yóò balẹ̀, àfi bí ẹ̀rù mìíràn ṣe dé. Oúnjẹ kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á fò dìde.

Ìyá rẹ̀ dé lópin ọ̀sẹ̀. Ó gé igi òdòdó náà dé ilẹ̀, ó wa iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó wá gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Omi ọṣẹ kọ́ nìyí. Oòrùn ló jó o. Ta ló gbé e?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò nà án. Ó mú un lọ́wọ́ lọ bá Màmá Onílé, ọmọ náà sì kúnlẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, títí kan ẹ̀rù tó bà á, ó ń retí kí wọ́n ní kí àwọn kó ẹrù.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo máa lé yín torí òdòdó?" Màmá Onílé bi í. "Ká ní o sọ fún mi, màá bá ọ wí, ó parí. Ìwọ lo wá jẹ́ kí n lé ènìyàn."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n lọ sílé alágbàfọ̀. Yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Aládùúgbò rẹ̀ ní iṣẹ́ ò tó o jẹ mọ́, ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn, òun ò sì mọ ibẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti rì òdòdó náà jìn nígbà tó ń gbìn ín, torí náà kò pẹ́ tí ọ̀mùnú tuntun fi yọ láti abẹ́ iyẹ̀pẹ̀, lábẹ́ òkúta, níbi tí oòrùn ò dé. Gbogbo ilé ló yọ̀ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin náà nìkan ni kò lè yọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí ẹ̀rù kì í bà. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ má ṣe ti ẹlòmíràn síwájú kó lọ jìyà yín. Ẹ tètè sọ òótọ́ nígbà tó ṣì lè ran ẹnì kan lọ́wọ́. Òdòdó tí ọmọ náà pa ti jí. Alágbàfọ̀ tó parọ́ mọ́, tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ̀bi kí ilé má baà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, ọmọ náà kò rí i bẹ̀ títí dòní.