Awòfín Kígbe Sí Ọwọ́ Ẹniọlá

Awòfín kò kígbe rí. Láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ ìlú Ààbò dó sórí òṣùpá, ẹ̀rọ tí ń wo inú ara ènìyàn bí ẹni wo inú omi yìí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ara le." Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ tí Ẹniọlá, omidan tí ó fẹ́ gba ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà pọ́n yòò.

"Àrùn! Iṣan ọmọ yìí kò rí bí ti ènìyàn!"

Ìbídùn, ìyá rẹ̀, fi ọwọ́ òsì gbá àyà mú. Ti ọ̀tún kò ṣeé gbé.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá. Ìbòrí kan tó mọ́ gaara ló bo Ààbò, òun ló sé èémí tí Ọlọ́run fún wa mọ́lé. Òkúta ojú ọ̀run a máa lù ú ya, àwọn arán onírin a sì máa rán an. Ọwọ́ ènìyàn ló ń darí àwọn arán náà, nípa ìbọ̀wọ́ tí ń wọnú iṣan. Ìgbà èwe nìkan ni iṣan ń gbà á. Bí èèyàn bá dàgbà kí ó tó wọ̀ ọ́, kò ní ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà omidan ni Ìbídùn ti wọ̀ ọ́. Ọdún gorí ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ń ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata ra lójú egbò.

Dókítà Adéròjú a ní, "Màmá, Awòfín ò rí nǹkan kan. Iṣẹ́ ló ti sú yín."

Alàgbà Adégbitẹ́, olórí ìlú, a tún gbè é lẹ́sẹ̀: "Ìyá Ẹniọlá, ikú ń bẹ nínú ahọ́n o. Ẹ yé fẹnu yín pe àìsàn."

Lówùúrọ̀ yìí náà, ó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n má fi ìbọ̀wọ́ sí ọmọ òun lọ́wọ́. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Dókítà wá gbé àwòrán iṣan ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ. Ti ọmọ gún régé bí òwú tuntun. Ti ìyá jóná wúruwùru. Ó kọjú sí Alàgbà.

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ohun tí à ń pè ní ara líle?"

"Àwa ni," ni Alàgbà wí. "Nígbà ìtẹ̀dó, àràárọ̀ ló ń bi àwọn òṣìṣẹ́ pé, ṣé ara le?"

"Kí ni wọ́n ń dáhùn?"

"Kí lọmọ tí wọ́n bí ire ń dáhùn? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa!"

"Àwọn tó so ọwọ́ kọ́ ọrùn ńkọ́?"

"Àwọn náà dúpẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ ká di aláìmoore ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ ìkíni. Ẹ̀rí ló ka ìdúpẹ́ wọn sí. Iṣan tó jóná ló wá ń pè ní àlàáfíà. Ẹniọlá ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò tíì wọ ìbọ̀wọ́ tí ó wò, ìdí nìyẹn tó fi pe tirẹ̀ ní àrùn."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín kíkorò. "Dókítà, ṣé iṣẹ́ ṣì sú mi?"

Adéròjú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ foríjì mí. Òótọ́ lẹ ń sọ látọjọ́ yìí."

Ayọ̀ ru sókè nínú Ìbídùn. Olúwa ti dá a láre! Ṣùgbọ́n Dókítà kò dìde.

"Bí tiyín bá jóná," ó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, "ti gbogbo àwọn tó ń rán ìbòrí náà ti jóná. Ọwọ́ wọn lè kú nígbàkúgbà."

Kò tíì pa ẹnu dé tí fèrè ewu fi han. Ní ìlà oòrùn ìlú, ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ti kú sínú ìbọ̀wọ́. Arán dúró, ìbòrí ń ya. Etí gbogbo wọn dí. Afẹ́fẹ́ ń jáde, ó ń súfèé.

Alàgbà yíjú sí ọwọ́ Ẹniọlá.

"Rárá!" Ìbídùn bọ́ síwájú ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti rí i! Ẹ ti rí i!"

"Màmá," ni Ẹniọlá wí, èémí rẹ̀ ń já, "a ó kú. Ẹ so ìbọ̀wọ́ náà fún mi."

Ìyá rẹ̀ ló so ó, pẹ̀lú ọwọ́ òsì àti eyín. Arán bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Ìsúfèé náà dákẹ́. Àwọn èèyàn ké halelúyà jákèjádò ìlú, Alàgbà sì wólẹ̀, ó ń sunkún.

Ìbídùn kò ké. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ó sì rí i nígbà tí oró àkọ́kọ́ wọlé.