Ọ̀rọ̀ Kan Tó Bọ́ Nínú Ìwé Adébánjọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1977, Adébánjọ jókòó ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Mafoluku, ó ń mu tíì, inú rẹ̀ sì ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé ní réluwé kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́ta ló sì fi kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ ìwé náà jáde lọ́dọ̀ Felix, atẹ̀wé tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣógúnlé. Púrúùfù ló wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ìwé àkọ́tẹ̀ tí atẹ̀wé máa ń fún òǹkọ̀wé kó yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Lucy ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, na ọwọ́ sí i.

"Bàbá Kúnbi, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á. Ọjọ́ méjì péré."

"Ìyá Kúnbi, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kó o jáde. Mo ti pín káàdì. Ṣé Yorùbá tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló máa ṣòroó yé mi?"

"Ẹni tó ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò láti àárọ̀ kì í mọ̀ mọ́ bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ki ìwé náà bọ abíyá, ó sì gba Ṣógúnlé lọ.

"Ṣé ẹ ti kà á tán, sà?" ni Felix bi í.

"Mo ti wò ó."

"Wíwò kọ́, sà, kíkà ni mo ń bi yín. Lẹ́tà òjé la fi ń tẹ̀wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń ṣà á tò. Ọwọ́ lè ṣì í. Lẹ́tà tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ ò tó wa lò, torí náà ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló máa jọra lójú. Ẹ bá mi mú un padà lọ sílé. Tí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, bó ṣe wà la máa tẹ̀ ẹ́."

Adébánjọ fa báírò yọ, ó buwọ́ lù ú lórí ìdúró.

Nígbà tó di Sátidé yẹn, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ kó ìwé náà jáde kún. Àwọn ará Ṣàgámù, ìlú Adébánjọ, wá. Ní ìlà iwájú ni Ọládùnní jókòó, ẹ̀gbọ́n Adébánjọ obìnrin, tó ń gbé ní Ailegun. Kò mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Adébánjọ nígbà tí ìyá wọn kú, Ọládùnní sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Igi ìdáná ló ń rù tà kí àbúrò rẹ̀ lè lọ sílé ẹ̀kọ́. Torí rẹ̀ gan-an ni Adébánjọ ṣe kọ ìwé náà, àmọ́ kò sọ fún un rí.

Wọ́n ní kí Kúnbi, ọmọ Adébánjọ, ka díẹ̀ sétí àwùjọ. Ojú ìwé tí orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà ló ṣí, ó fẹ́ fi yẹ́ ẹ sí.

"Nígbà tí ìyá wa kú, Ọládùnní ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ mí sílẹ̀..."

Ọmọ náà gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

Ọládùnní dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó mú àpò rẹ̀, ó sì rọra jáde.

Adébánjọ gba ìwé náà lọ́wọ́ Kúnbi, ó tún ìlà náà kà. Ohun tó kọ ni pé ẹ̀gbọ́n òun *kò kọ̀* òun sílẹ̀. Nígbà tí kò fi àmì sí i, "ko ko" ló jọ lójú ẹni tó ń to lẹ́tà. Ẹni náà rò pé Adébánjọ kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ni, ló bá yọ ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló ti wà nínú púrúùfù tí Adébánjọ buwọ́ lù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gba Ailegun lọ pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ kọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àǹtí mi, àwọn atẹ̀wé ló..." Ó dánu dúró. "Rárá o. Èmi ni mi ò kà á."

"Dìde, Bánjọ." Ojú ìyá náà ti wú. "Nígbà tí mo relé ọkọ, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ẹ́ sílẹ̀ kí n tó wá mú ẹ. Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé ó dùn ẹ́. Nígbà tí ọmọ yẹn kà á, mo ní, ẹ ò rí i, ó ti sọ ọ́ síta."

Omi bọ́ lójú Adébánjọ. Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó kà á sókè: "Ọládùnní ẹ̀gbọ́n mi kò kọ̀ mí sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi bẹ ọkọ rẹ̀ títí tó fi gbà kó wá mú mi. Òun ni ìyá tí mo mọ̀."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ọládùnní fi etí ìborùn nu ojú.

"Kí ló dé tó o fi ní láti kọ ọ́ sínú ìwé kó o tó sọ ọ́ fún mi?"



Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Lucy ń ka ìwé àfọwọ́kọ sókè, Felix ń fi ìka tọ èyí tí wọ́n tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àṣìṣe mọ́kàndínlógún mìíràn ni wọ́n tún rí. Wọ́n tẹ ìwé tuntun, wọ́n fi báírò sàmì sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè yí padà. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Adébánjọ kà á sí i létí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sí Ṣàgámù, ó ń gba ìwé àkọ́kọ́ padà láti ilé dé ilé. Kò rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹlòmíràn ti fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ẹlòmíràn ti fi ta àlejò lọ́rẹ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, níbi ìsìnkú kan ní Ṣàgámù, ọmọbìnrin kan nàka sí Ọládùnní. "Ṣé ìyá tó kọ àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn?" Adébánjọ wà nítòsí, ó gbọ́. Ọládùnní náà gbọ́. Ó kàn di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín tẹ̀wé, ìwé tó bá ti jáde kì í jẹ́ ìpè padà sílé. Ẹ má ṣe tìtorí ọjọ́ ayẹyẹ buwọ́ lu ohun tí ẹ kò kà. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, kó kà á sókè. Bí ó bá sì jẹ́ ọpẹ́ lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀, tí ẹni náà ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ sí i létí.