Ọkọ̀ tí Sàláúdéènì Tẹ̀ Rì

Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sórí omi nígbà tí Sàláúdéènì rí ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ létí odò, tó ru ọkọ́ tuntun méjìlá, tí irin wọn ń kọ mọ̀nà lórí rẹ̀ bí adé. Kò fi ọwọ́ di ẹrù. Ó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sìn ín bọ̀. Sàláúdéènì, tó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi agolo gbọ́n omi dà nù nínú ọkọ̀ rẹ̀, sáré gbé agolo sẹ́yìn.

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Alàájì Láwàl, tó ń ra ẹ̀gẹ́ ní Igbó-Ọrà, ni. Lọ́dún 1986, nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó wá jókòó ti òwò, ó ní ọmọ tó kàwé dé pólì Ìbàdàn kì í jókòó ti ẹ̀gẹ́. Ó ra ọkọ̀ onípákó kan tó ní yàrá kótópó lórí, ó gbé e sórí odò tí ìjọba sé níhà Ìbàràpá, ó ń fi kó èrò àti iṣu sọdá, inú rẹ̀ náà ló sì ń sùn. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rín gómìnà ló máa ń rín sí onítọ̀hún.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá ọlọ́kọ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi sọdá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín mà ń jò."

"Kò jò. Mò ń fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ wá?"

Àìná lorúkọ rẹ̀. Ògúntọ́lá, ọmọ Ẹ̀rúwà tó kọ́ àgbẹ̀dẹ sí abúlé etí omi, ni bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí Àìná fi mọ ohun tó ṣe ọkọ̀. Nígbà ọyẹ́, Sàláúdéènì wọ́ ọ gòkè láti fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ó kùn ún, ó dúró lókèèrè wò ó, ó tún kùn ún. Oòrùn lu pákó fún ọ̀sẹ̀ méjì, igi gbẹ, ó súnkì, àárín pákó àti pákó wá là.

"Nílé wa," Àìná wí, "bí ọkọ́ bá ń yọ lára ẹ̀rúkọ́, omi la máa ń rẹ ẹ́ sí. Igi á mumi, á wú, á sì di irin mú. Ẹ tẹ ọkọ̀ yìí rì sétí odò fún ọjọ́ mẹ́ta. Á padà dì."

Sàláúdéènì bú sẹ́rìn-ín. "Kí n tẹ ilé mi rì torí pé ó ń jò? Ṣé ìyàn ni wọ́n fi ń wo ebi ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Omi náà ń rẹ́rìn-ín."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọkọ̀ funfun ń dúró de Àìná, kódà bí èrò yòókù bá ń kùn. Àìná á gbé iṣu sísun wá, wọ́n á jọ fi epo jẹ ẹ́. "Ọ̀gá ọlọ́kọ̀" di "Sàláú mi." Lọ́jọ́ kan ni Sàláúdéènì sọ fún un pé nígbà mìíràn, bí òun bá gbọ́ omi lábẹ́ ẹní òun, ó máa ń ṣe òun bíi kí òun pe ẹnìkan. Àìná kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí Sàláúdéènì lọ tọrọ Àìná lọ́wọ́ Ògúntọ́lá, bàbá náà wò ó tìtì.

"Ọmọ Láwàl, mi ò bínú pé ẹ̀ ń kírun. Ògún kì í bá ẹni tó ń kírun jà. Ibo lo fẹ́ gbé ọmọ mi sí?"

"Inú ọkọ̀ mi ni, bàbá. Mo ti tún un ṣe. Kò jò mọ́."

Sìmẹ́ńtì ló fi dí i, bí ẹni ń rẹ́ ògiri, ó sì fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kí Àìná tó wọ ọkọ̀, ó bi Sàláúdéènì pé, "Ṣé ó ti dì dáadáa?" Ó ní, "Digbí." Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, ìgbì gbé ọkọ̀, pákó mì, sìmẹ́ńtì kò lè mì. Ó fọ́. Omi ya wọlé. Àwọn apẹja ló sáré yọ Àìná àti ìyá mẹ́ta tó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ dé etí odò. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n Àìná ti mumi yó, ibà sì dá a gúnlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

"O parọ́ fún mi lórí ẹ̀mí ọmọ mi," ni Ògúntọ́lá wí lẹ́nu ọ̀nà. "Máa lọ."

Láti orí ẹní ni Àìná ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Mo lè bá ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò gbé, Sàláú. Mi ò lè bá ẹni tó ń fi ọ̀dà kùn ún gbé."

Sàláúdéènì kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, tí etí odò kún fọ́fọ́, ó kó ẹní àti aṣọ rẹ̀ jáde, ó tú ẹ́ńjìnnì, ó gbẹ́ sìmẹ́ńtì kúrò, ó sì ń kó òkúta sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wá wo ọmọ pólì o!" ni Hàlímọ̀ oníṣu kígbe. "Ó ń sin ọkọ̀ láàyè!"

Sàláúdéènì nà dúró. "Ó ń jò, ẹ̀yin ìyá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń jò. Mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Ẹ̀rín dá wáí. Ọkọ̀ funfun rọra wọ ìsàlẹ̀ lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àgbẹ̀dẹ. "Bàbá, mi ò níbi tí màá sùn. Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ògúntọ́lá ń kó èédú síná títí irin tó wà nínú rẹ̀ fi pọ́n. Ó wá fi orí júwe ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ Alàájì fi fín ẹwìrì, tí èédú kun imú rẹ̀, tí kò sì wá dígí.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n gbọ́n omi. Ògúntọ́lá fúnra rẹ̀ mú igbá kan. Hàlímọ̀ mú òmíràn. Ọkọ̀ léfòó. Inú rẹ̀ gbẹ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àìná, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn, dúró lẹ́bàá bàbá rẹ̀.

Sàláúdéènì tẹ̀ síwájú, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó rí ibi tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀. Ó lè fi ẹsẹ̀ bò ó. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ibì kan ṣì ń jò níbí," ó wí sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jò."

Ògúntọ́lá mí kanlẹ̀. Ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àìná, mo ti gbọ́ tèmi. Ìwọ ńkọ́?"

Àìná ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ìka kan ibi tí omi ti ń sun.

"Mo rí i," ó wí. "A ó jọ máa ṣọ́ ọ."